Ọgbọ̀n Ọdún Lórí Ọ̀nà Ẹfun: Láti Ìsọ̀ Kẹ̀kẹ́ ní Plumstead dé Òkè Kent

Níjọ́ tí ìjọ wa ní Thamesmead pe àwa àgbà láti bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí a ṣe jẹun, dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lọ́yà tẹ̀lé e, ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà gba máìkì lọ́wọ́ lọ́yà. Nígbà tó fi máa kàn mí, oúnjẹ ti ń tutù. Mo kàn sọ pé ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tí mo sì fi ń mú èèyàn gba ọ̀nà inú oko kiri ilẹ̀ Kent. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo bá yín rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn náà, ó ní, "Auntie, ṣé job yín nìyẹn, for real?" Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìyí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Mojísọ́lá lorúkọ mi, Auntie Mojí ni ẹ ń pè mí. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí, Èkó ni mo ti lọ́kọ, Woolwich ní London níbí ni ọkọ mi wà tí mo fi wá bá a. Bí iṣẹ́ ṣe bá mi kò gùn. Ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ Plumstead High Street, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ láàárọ̀, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Len lorúkọ ọ̀gá mi, ọmọ bíbí Plumstead ni. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, okùn bàtà ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kì í sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbálẹ̀ níwájú rẹ̀ tí a kò sọ ju ẹ káàárọ̀, ó dàbọ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé wíìlì kan kọ́ sórí irin, ó ń yí i, ó ń fojú wá ibi tó ti wọ́. Èmi kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń kó ìdọ̀tí, mo ṣáà ní ọwọ́ òsì ló tẹ̀ sí. Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní mo gbọ́ ọ ni, pé ohùn rẹ̀ ń yí padà níbì kan náà nígbàkígbà tó bá yí po. Bàbá mi kò ní ohun ìrìnnà kankan ju kẹ̀kẹ́ lọ, orí irin àárín rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí a bá ń lọ sóko, nítorí náà ohùn kẹ̀kẹ́ tó wọ́ kò ṣàjèjì sí mi. Len wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọjọ́ yẹn ni mo di mẹkáníìkì. Ṣéènì ni mo fi oṣù mẹ́fà fọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì rí nínú òtútù January ní Plumstead. Ọwọ́ mi là, ó ń ta mí bí ata. Tí mo bá rò pé ṣéènì ti mọ́, Len á fi aṣọ funfun nù ún. Tí aṣọ bá dúdú, á dá a padà sínú ike kẹrosíìnì.

Lẹ́yìn ṣéènì, wíìlì ló kàn. Sípóòkù ni à ń pe àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àárín wíìlì mọ́ etí rẹ̀. Bí wọn kò bá le dọ́gba, wíìlì á máa jó. Ọjọ́ méjì ni mo fi hun wíìlì mi àkọ́kọ́. Mo gbé e fún Len bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún bàbá rẹ̀. Ó dijú, ó fi ìka ta sípóòkù kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Lẹ́yìn náà ó tú gbogbo rẹ̀ ká sórí tábìlì, ó ní kí n tún un hun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tú wíìlì yẹn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ó ti po tíì sílẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Ó dára níbí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí ni wọ́n ti máa gùn ún. Ẹnìkan máa gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọmọ lè wà lẹ́yìn rẹ̀."

Èyí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó fẹnu kọ́ mi lọ́dún yẹn. Kì í yin èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan obìnrin kan wá gba kẹ̀kẹ́ tí mo tún ṣe, Len sì gbé e fún un tààrà láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, n kò wọ bọ́ọ̀sì, torí inú mi dùn jù láti jókòó.

Ilé ńkọ́? Bàbá Tólú, ọkọ mi, ń wa bọ́ọ̀sì. Ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ fọkanáísà ni mo wá kọ́ nílùú òyìnbó. Àwọn kan nínú ìjọ ní obìnrin tó ń wọ ṣòkòtò gun kẹ̀kẹ́ kiri, ẹ̀mí wo ló ń darí rẹ̀. Mo ní ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Tólú ọmọ wa bà jẹ́ tí mo tún un ṣe lórí ìdúró, bàbá rẹ̀ jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Láti ìgbà náà, òun gan-an ló ń júwe ìsọ̀ wa fún àwọn dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tí Len fi lé mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn iṣẹ́ ọ̀nà. Ní ọjọ́ Saturday, ó máa ń kó àwọn oníbàárà jáde lọ sí ìgbèríko, kì í ṣe lórí títì ọlọ́dà o, orí òkúta wẹ́wẹ́, ojú ọ̀nà oko, etí igbó. Gravel ni wọ́n ń pè é báyìí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín. Nígbà náà kò tí ì ní orúkọ. A kàn ń gùn ún ni.

Len kọ́ mi láti ka máàpù kí n tó gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Ó fi hàn mí pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹṣin nínú òfin ilẹ̀ yìí, pé kẹ̀kẹ́ lè gba ti ẹṣin, kò gbọdọ̀ gba ti ẹlẹ́sẹ̀. Ó ní bí mo bá bá géètì ní títì, kí n tì í padà, bí mo bá bá a ní ṣíṣí, kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àgbẹ̀ ló mọ ibi tó fẹ́ kí àgùntàn rẹ̀ gbà. Ọ̀nà tuntun kankan, ẹsẹ̀ la fi ń kọ́kọ́ rìn ín. Òfin rẹ̀ tó le jù sì ni pé ọ̀nà tí a bá fẹ́ mú èèyàn gbà ní Saturday, a gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ ní Thursday. Òjò, igi tó wó, màlúù tuntun nínú pápá, gbogbo rẹ̀ la ó kọ sílẹ̀, títí kan géètì tí mọ́tò lè gbà wọlé bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà kan fún yín, èyí tí mo lè fi ojú dídì gùn. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní Plumstead, lórí ọ̀nà gíga tí wọ́n kọ́ sórí páìpù ẹ̀gbin ńlá tó lọ sí Crossness. Ẹ ó rí òrùlé ilé gbogbo yín ní Thamesmead láti orí rẹ̀. Ní Crossness, òórùn á kí yín káàbọ̀, ẹ má bínú sí i, ẹ wo àwọn ẹṣin tó ń jẹko nínú àbàtà àti àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ẹ ó tẹ̀lé odò Thames kọjá Erith, ẹ ó yà sí Dartford, ẹ ó wá wọ àfonífojì odò kékeré kan tó ń jẹ́ Darent. Níbẹ̀ ni ariwo ti máa dá. Ní oṣù kẹrin, òdòdó aláwọ̀ aró á bo ilẹ̀ igbó, ẹ ó rò pé ojú ọ̀run ló já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà òkè bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì di funfun lábẹ́ táyà yín. Ẹfun ni. Púpọ̀ nínú òkè Kent, ẹfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá gbẹ, ó dùn-ún gùn ju títì lọ. Tó bá tutù, ọṣẹ ni.

Ọdún ń gorí ọdún, Len ń darúgbó, èmi ni mo wá ń mú èèyàn jáde. Obìnrin ìjọ wa ló pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú àgbà, àwọn tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbé ẹlòmíràn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ń tà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà. Bíréèkì tó ń fi rọ́bà di etí wíìlì mú kò sí mọ́, èyí tó ń fi agbára òróró di àwo irin àárín wíìlì mú ló dé. Túùbù kúrò nínú táyà, wọ́n ní ká da omi funfun kan tó dà bíi wàrà sí i, tí ẹ̀gún bá gún un, omi yẹn á dí ihò náà fúnra rẹ̀. Len ní àjẹ́ ni. Èmi wo fídíò lórí fóònù, mo kọ́ ọ, mo da wàrà náà sára aṣọ mi ju inú táyà lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ kékeré tó ń júwe ọ̀nà dé, èyí tí à ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ìlà aláwọ̀ kan á máa lọ níwájú yín, bí ẹ bá ṣìnà á ké. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ibi tí àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìrúwé, òjò rọ̀ láti Monday títí dé Wednesday. Ní Thursday, mo wo ojú ọ̀run, mo wo iṣẹ́ tó kún ìsọ̀, mo wo ẹ̀rọ mi. Mo ti gba ọ̀nà náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ. N kò lọ. Ní ọjọ́ Friday, Len, tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń wá mu tíì lọ́dọ̀ wa, bi mí bóyá mo dé ibẹ̀. Mo ní mo dé ibẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá mi, ó sì gbà mí gbọ́ torí n kò parọ́ fún un rí.

Àwa méjìlá ló jáde ní Saturday. Oòrùn ràn, ilẹ̀ ti gbẹ lójú. Ní apá kejì òkè náà, ọ̀nà ẹfun kan wà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lábẹ́ igi. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Èmi ni mo wà níwájú, wọ́n rí i pé ara mi balẹ̀, wọ́n tú bíréèkì sílẹ̀. Ní àárín rẹ̀, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò dábùú ọ̀nà, ewé sì ti bo ojú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ mi fò ó, n kò mọ bó ṣe fò ó. Mo kígbe, ṣùgbọ́n Fúnkẹ́ ti dé ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ ìró irin, mo gbọ́ ìró mìíràn tí kì í ṣe irin.

Fúnkẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì ni, ó kéré sí mi dáadáa, ó lọ́mọ méjì. Egungun itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Àwa tó kù ń sáré kiri, òun tó wà nílẹ̀ ló fara balẹ̀ jù. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Auntie, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà mí dìde. Ẹ di ẹsẹ̀ mi mú bó ṣe wà, ẹ má nà án. Ẹ kó jákẹ́ẹ̀tì bò mí. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ láti ẹnu, tí èmi wá di ọwọ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nísàlẹ̀ náà. Ẹnìkan gun òkè padà, ó rí àwọn alámbúláǹsì bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè géètì tí mọ́tò lè gbà wọlé, kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ẹ̀rọ mi fi ìlà rẹ̀ hàn mí, kò fi géètì hàn mí. Ó lé ní wákàtí kan kí àgbẹ̀ kan tó fi katakata ṣíwájú wọn gba inú pápá rẹ̀ wá. Ní gbogbo ìgbà yẹn mo ń kọ orin fún Fúnkẹ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, Thursday ni mo rí. Ní Sunday, mo lọ sí ọsibítù, mo sọ òtítọ́ fún Fúnkẹ́ níwájú ọkọ rẹ̀, pé n kò yẹ ọ̀nà wò. Ọkọ rẹ̀ ní kí n jáde, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. Fúnkẹ́ yíjú sí ògiri.

Ní Monday, mo sọ ọ́ fún Len. Mo ti múra ìbínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú. Ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó ní kí n fi ìka sí ibi tí kòtò náà wà. N kò lè fi ìka sí i. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, a wọ ọkọ̀ ojú irin, a fi ẹsẹ̀ gun òkè náà, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó sí etí kòtò náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Ẹ̀rọ mọ ibi tí ọ̀nà wà. Kò mọ bí ọ̀nà ṣe wà."

Ó ní n kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni jáde títí n ó fi fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà wa tán lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rìn wọ́n. Ewé ti ń já bọ́ lórí igi kí n tó parí.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Fúnkẹ́ ti padà sílé, fóònù mi dún. Ó ní, "Auntie, ẹ wá bá mi fọ irun mi." Kò lè tẹ̀ dé ibi omi, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ irun fọ̀. Mo lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Tuesday ni mo fi ń lọ. Mo ń fọ irun, mo ń dì í, mo ń se ọbẹ̀, ọkọ rẹ̀ á kí mi lẹ́nu ọ̀nà, á wọlé lọ. A kò dárúkọ ọjọ́ náà. Ó tó oṣù méjì kí Fúnkẹ́ tó sọ ọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òòyà, kò rí ojú mi.

"Inú bí mi sí yín, Auntie. Kì í ṣe torí ẹsẹ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé yín débi pé mi ò wo ilẹ̀ fúnra mi." Ó tún ní, "Tí ara mi bá yá, ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kí n máa dì í lọ.

Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kuru díẹ̀ títí dòní. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń tẹ̀ lé mi jáde ní Thursday tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ́ ọ bí Len ṣe kọ́ mi, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti bàtà. Nígbà tí a kọ́kọ́ padà dé orí òkè yẹn, ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́. Nígbà kejì, ó gùn ún.

Len kò lè rìn mọ́ nígbẹ̀yìn. Ó wà ní ilé ìtọ́jú àgbà kan ní Abbey Wood, mo máa ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Thursday tí mo bá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà mi, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á máa wò mí. Á dijú, á ní kí n bẹ̀rẹ̀. Màá ròyìn rẹ̀ fún un láti géètì dé géètì, igi tó wó, ibi tí wọ́n ti tún afárá ṣe, àgùntàn tó bímọ. Bí mo bá fo ibì kan, á dá mi dúró. Lọ́jọ́ kan mo ròyìn débi òkè, kò dá mi dúró mọ́, mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, "Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Ní ìgbà òtútù ọdún náà ló kú. Mo sunkún rẹ̀ bí mo ṣe sunkún bàbá tó bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sọ pé kí gbogbo yín lọ tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bí ẹ bá di lọ́yà, ẹ kú oríire. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ẹnìkan máa tú bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ẹ wà níwájú. Ẹ lọ ní Thursday. Ẹ má jẹ́ kí ohun èlò tuntun kan sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Orúnkún mi ló ní kí n sinmi. Ní Saturday tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, Fúnkẹ́ ló mú wa jáde, mo sì ní kí n wà lẹ́yìn kí n má bàa dá wọn dúró. Oòrùn wà, ọ̀nà gbẹ, ó ti lọ wò ó ní Thursday, ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí láìjẹ́ pé mo béèrè. Nígbà tí a dé ibi tí òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn rọra tẹ bíréèkì, wọ́n ń sọ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ẹfun náà, jákẹ́ẹ̀tì pupa, jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, gèlè kékeré kan lábẹ́ àṣíborí. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, iwájú ni mo máa ń wà, ọ̀nà nìkan ni mo ń rí. N kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe máa ń rẹwà tó láti ẹ̀yìn. Mo dúró títí ẹni ìkẹyìn fi dé ìsàlẹ̀, Fúnkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó kà wá, ó rí i pé ó ku ẹnìkan, ó sì dúró dè mí.